Àkànní, Fi Àkùkọ Yẹn Sílẹ̀ Kí Ó Sinmi

Àkànní, gbé àkùkọ yẹn sílẹ̀. Mo ní gbé e sílẹ̀. Kíkí yẹn lè dúró ná, n kò lọ ibì kankan. Láti ìgbà tí mo ti yọ lẹ́nu ọ̀nà ni mo ti rí i bí o ṣe fún un mọ́ àyà bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ. O rò pé bó ṣe dákẹ́ yẹn, ìgbádùn ni? Adìẹ tí ara rẹ̀ dá á janpata tí wọ́n bá dì í mú. Èyí tó bá dákẹ́ tó ń la ẹnu mí, ẹ̀rù ló ń bà á, ìrora sì wà lára rẹ̀. Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún ọ. Adìẹ kò ní awọ tó pààlà sáàárín àyà àti ikùn bí èyí tí àwa èèyàn fi ń mí. Eegun àyà rẹ̀ gan-an ló ń lọ tó ń bọ̀ kí afẹ́fẹ́ tó lè ráyè wọlé. Bí o bá di àyà rẹ̀ mú pinpin, kò ríbi mí nìyẹn. Ìfẹ́ lo fi ń ṣe é, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà ti fẹ́ pa á.

Ó ṣeun. Fi sórí aṣọ yẹn. Nígbà mìíràn tí o bá fẹ́ gbé e, da aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo orí rẹ̀ kí ó má ríran, kó ìyẹ́ apá méjèèjì pọ̀ mọ́ ara rẹ̀, kí o fi ọwọ́ kan gbé e lábẹ́. Má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e kọ́ rárá. Èyí tí àwọn kan ń ṣe lọ́jà, tí wọ́n á so ẹsẹ̀ adìẹ mẹ́rin pọ̀ tí wọ́n á dorí wọn kodò lára ọ̀kadà láti Ṣẹ́kọ́nà wọ Ọjà Tìmì, ó ti ń dùn mí láti kékeré, n kò sì ní yé sọ ọ́. Ti èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán tẹ́lẹ̀ wá ńkọ́?

Òkè Gadà ni mo wà tí àwọn ọmọdé fi wá ròyìn fún mi pé ọ̀kadà ti gbá Jagun, àkùkọ yín, lẹ́nu ọ̀nà Poly Ẹdẹ níbí. Mo dìde kíá, mo mú oyin, mo mú ògbólógbòó ìró mi kan, mo ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni bàbá rẹ, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀ sí ẹran ọ̀sìn báyìí náà nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ibi tí o ti mú un wá nìyẹn, ọkọ mi. N kò bínú sí ọ nítorí pé o fẹ́ràn àkùkọ. Ohun tí mo ń bínú sí ni bí o ṣe ń fi ìfẹ́ náà yọ ọ́ lẹ́nu.

Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn ará ilé ń wí: ẹ dúńbú ẹ̀ kí ó tó di òkúǹbete. N kò ní bá wọn jà. Lóòótọ́, ẹran tó bá kú fúnra rẹ̀ kò ṣeé jẹ fún àwa Mùsùlùmí, ẹni tó bá sì jókòó tó ń wo ẹran tó ń jẹ̀rora títí tó fi kú, ó ti fi ìyà jẹ ẹ́. Àmọ́ ta ló sọ fún wọn pé Jagun ń kú? Wò ó. Orí rẹ̀ dúró ṣinṣin. Ojú rẹ̀ là. Ogbe rẹ̀ ṣì pupa, kò dúdú, kò sì funfun. Ó mu omi lójú mi báyìí. Ẹran tó fẹ́ kú kì í ṣe báyìí. Bí ó bá jẹ́ pé eegun ti gún awọ yọ síta tí iyẹ̀pẹ̀ ti wọ̀ ọ́, tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti tutù tó ti dúdú, tí orí sì ń fì síbí fì sọ́hùn-ún, èmi tí mo ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí ni màá kọ́kọ́ sọ fún ọ pé kí o pe àfáà. Àánú nìyẹn náà. Ti Jagun kò tíì dé ibẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, kí ẹni tó ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná lọ́kàn mọ̀ pé adìẹ tí o ti ń fún ní kápúsù láti àná kò ṣeé jẹ lónìí. Oògùn máa ń dúró nínú ẹran fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó kúrò.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo rí páálí kápúsù náà. Pupa àti yẹ́lò. Má gbé e pamọ́ mọ́, mo ti rí i. Ta ló kọ́ ọ pé kí o tú oògùn èèyàn sínú omi adìẹ? Mo mọ̀ pé gbogbo àdúgbò ló ń ṣe é, ìyẹn kò sọ ọ́ di ohun tó dára. O kò mọ bó ṣe wúwo tó, o kò mọ ìwọ̀n tó yẹ ẹ́, o kò mọ̀ bóyá kòkòrò tó wà lójú ọgbẹ́ yẹn ń gbọ́ ti oògùn náà. Bí a bá ń lò ó báyìí, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọn kòkòrò tó bá yè á mọ bí a ti í kojú ẹ̀, lọ́jọ́ tí ìwọ fúnra rẹ bá ṣàìsàn, oògùn yẹn kò ní ràn ọ́. Dókítà ẹran ló yẹ kó sọ irú oògùn tí a ó lò. A ó dé ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Kẹrosíìnì wá ńkọ́? Àkànní! Kẹrosíìnì lójú ọgbẹ́! Mo gbóòórùn rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ń jó awọ ni, ó sì ń pa ara tuntun tó fẹ́ hù níbẹ̀. Òróró ẹ́ńjìnnì, ata, eérú, Dettol tí a kò là pọ̀ mọ́ omi, gbogbo wọn, n kò fẹ́ rí wọn nítòsí rẹ̀. Omi ni a ó fi wẹ̀ ẹ́. Ṣe omi ìgò ńlá kan, èyí tó tó lítà kan, jẹ́ kí ó hó dáadáa, bu iyọ̀ ṣíbí kékeré méjì tí kò kún gegele sí i, jẹ́ kí ó tutù títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi yẹn ni kí o máa dà sójú ọgbẹ́ itan yẹn díẹ̀díẹ̀ títí ìdọ̀tí á fi ṣàn jáde. Má fi òwú họ ọ́. Ìyẹ́ tó yí i ká, fi sáàsì gé e sílẹ̀, má fà á tu. Awọ adìẹ fẹ́lẹ́ púpọ̀, bí o bá fa ìyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ya, o tún fà á ya sí i nìyẹn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ, fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí o má ṣí i wò ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Adìẹ kékeré ni, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kò pọ̀, kò sì gbọdọ̀ dànù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni oyin. Oyin gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ṣúgà sè. Fi pa ojú ọgbẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, kí o fi aṣọ mímọ́ bò ó. Oyin kì í jẹ́ kí kòkòrò ráyè bí sí i, ó sì ń jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ tutù. Ṣùgbọ́n èèrà fẹ́ràn rẹ̀ ju ìwọ lọ! Nítorí náà, orí àpótí ni páálí tí Jagun á máa sùn sí á wà, ẹsẹ̀ àpótí á sì wà nínú agolo omi. Ẹni tó bá ti rí ohun tí ìjàlọ ń ṣe sí ẹran tí kò lè sá, kò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ èèrà.

Ó wá ku ẹsẹ̀. Jẹ́ kí n wò ó. Ojúgun ni, ibi tí kò ní ìyẹ́ lórí, awọ kò sì ya. Orí rẹ yọ. Ká ní itan lókè ni, kò sí ohun tí èmi àti ìwọ lè dè mọ́ ọn tí yóò dúró. Ká ní apá ni, ní ìtòsí èjìká, ọ̀rọ̀ náà ì bá tún le jù báyìí lọ, torí eegun òkè apá adìẹ ní afẹ́fẹ́ nínú, afẹ́fẹ́ náà sì bá ibi tó fi ń mí mu. Bí ẹnì kan bá lọ da omi sínú ọgbẹ́ níbẹ̀, bí ẹni da omi sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló ṣe. Èyí tí ó ṣẹlẹ̀ sí Jagun yìí ni èyí tó rọrùn jù láti tọ́jú.

Ṣé o mọ̀ pé ẹsẹ̀ adìẹ àti ẹsẹ̀ èèyàn ti ń bára wọn rìn látayébáyé nílẹ̀ Yorùbá? Lọ bi àwọn àgbà léèrè. Bí ẹnì kan bá já bọ́ lórí ọ̀pẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, tí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun, àwọn kan nínú wọn á mú adìẹ, wọ́n á dá ẹsẹ̀ rẹ̀ ní irú ibi tí ti aláìsàn ti dá, wọ́n á fi igi àti aṣọ dè é, wọ́n á sì máa fi oògùn kan náà pa àwọn méjèèjì. Ọjọ́ tí adìẹ náà bá dìde tó ń rìn ni wọ́n á tú ẹsẹ̀ aláìsàn, wọ́n á ní ó ti san. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti kọ ọ́ sínú ìwé, kì í ṣe ìtàn àlọ́.

N kò bú àwọn baba wa. Ọwọ́ wọn mọ eegun tò, àwọn tí kò rí owó ọsibítù san kò sì ní ibòmíràn láti lọ. Ṣùgbọ́n kókó ibẹ̀ nìyí: eegun ẹyẹ tètè máa ń so. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti mú ara rẹ̀. Ojúgun àgbàlagbà èèyàn lè gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, nígbà mìíràn ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adìẹ tó ń rìn káàkiri àgbàlá kò lè jẹ́rìí pé ẹsẹ̀ ẹni tó dùbúlẹ̀ ti le. Tí ẹni náà bá fi í rìn kó tó yá, ẹsẹ̀ á wọ́. Adìẹ tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá lẹ́sẹ̀ yẹn ńkọ́? Kí ló ṣe? Ó ti dùn mí tipẹ́, mo sì ń sọ ọ́ fún ọ kí o lè mọ̀ pé ohun tí o ń ṣe fún Jagun yìí, mo kà á sí iṣẹ́ rere. Ẹ̀san díẹ̀ ni fún gbogbo àwọn adìẹ wọ̀nyẹn.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí a ó mú lára àwọn tó ń to eegun, ọ̀nà méjì ló sì pín sí. Ìkínní, ìdè gbọ́dọ̀ dúró. Ìkejì, ìdè kò gbọdọ̀ le jù. Béèrè lọ́wọ́ àwọn dókítà Ìgbóbì ní Èkó, ọsibítù eegun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 fún àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Kò sí ìgbà tí wọn kì í rí ẹni tí wọ́n de ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin nílé títí ẹ̀jẹ̀ kò fi lọ síbẹ̀ mọ́, tí ẹsẹ̀ kú, tó sì di gígé. Adìẹ náà bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, mú òwú, wé e mọ́ ẹsẹ̀ náà kí ó nípọn díẹ̀. Gé páálí líle sí tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, kò gbọdọ̀ gùn dé ọmọ ìka. Na ẹsẹ̀ náà bó ṣe yẹ kó wà, tún wo ẹsẹ̀ kejì kí o fi ṣe àpẹẹrẹ, kí o wá fi báńdéèjì yí i ká. Jẹ́ kí ọmọ ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà níta kí o lè máa rí wọn. (Bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́rin ni tiwa. Adìẹ ọlọ́mọ-ìka márùn-ún inú ìtàn, tó tan ilẹ̀ sórí omi ní Ifẹ̀, ìyẹn kò sí ní Ẹdẹ.) Ní àárọ̀ àti ní alẹ́, fọwọ́ kan àwọn ọmọ ìka náà. Bí wọ́n bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó dára. Bí wọ́n bá wú, tí wọ́n tutù tàbí tí àwọ̀ wọn yí padà, tú ìdè náà lójú ẹsẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ òru.

Má wá lọ máa tú u wò lójoojúmọ́ nítorí ojú ń kán ọ o! Mo mọ̀ ọ́. Bí eegun bá ti fẹ́ so, tí o bá tú u, o tún já a nìyẹn. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí o fi ara balẹ̀.

Ibi tí yóò wà ló kàn. Kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì rẹ. Kì í sì í ṣe àgbàlá pẹ̀lú àwọn yòókù. Àwọn adìẹ tó ń tẹ̀lé e kiri láná, tí wọ́n bá rí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ lónìí, wọ́n á máa fi àgógó ṣá a ni, torí ohun pupa máa ń fà wọ́n, wọ́n lè ṣá a títí yóò fi kú. Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run dá wọn. Wá páálí ńlá, lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, da ìpàǹtí pákó gbígbẹ tàbí àkísà sí ìsàlẹ̀ kí ó nípọn. Má lo ìwé ìròyìn, ó ń yọ̀, ẹsẹ̀ tó kù á sì máa tàn síbí tàn sọ́hùn-ún. Ẹsẹ̀ tó kù yẹn ṣe pàtàkì, torí òun ló ń gbé gbogbo ara báyìí. Bí ilẹ̀ bá le, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, á gba ọyún, nígbà tí èyí tó kán bá fi máa san, èyí tó sàn tẹ́lẹ̀ á ti bàjẹ́. Gbé páálí náà síbi tí kò ní ariwo, tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀, tí atẹ́gùn tútù kò ti ń fẹ́. Nínú òkùnkùn ni ọkàn adìẹ ti ń balẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná ju tìrẹ lọ, bíi 41 sí 42 ní ìwọ̀n Celsius ni nígbà tí tiwa jẹ́ 37, tó bá sì ti ń ṣàìsàn, gbogbo agbára tó kù ló fi ń wá bí ara rẹ̀ kò ṣe ní tutù. Fi ìró mi yẹn bo ẹ̀gbẹ́ kan páálí lálẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú un wá fún un ni.

Fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo orí rẹ̀ lọ́sàn-án. Eṣinṣin ni ọ̀tá tí o kò kà sí. Kó o tó mọ̀, ó ti yé ẹyin sójú ọgbẹ́, ìdin á bẹ̀rẹ̀ sí í rá pálá lábẹ́ awọ níbi tí o kò lè rí. Adìẹ tí ọgbẹ́ kò pa, ìdin ti pa wọ́n. Máa gbóòórùn ọgbẹ́ náà láàárọ̀. Bí ó bá ti ń rùn, má jókòó tì í.

Oúnjẹ. Ta ló ń fún àkùkọ ní Indomie? Àti ìyẹ̀fun amóúnjẹdùn inú ọ̀rá rẹ̀! Iyọ̀ inú rẹ̀ nìkan tó láti ṣe adìẹ léṣe. Ṣe ògì fún un, kí ó ki díẹ̀, tàbí kí o fọ́ ẹ̀kọ sínú omi. Rẹ àgbàdo àti ọkà bàbà kí ó rọ̀. Se ẹyin, fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Já tẹ̀tẹ̀ sí i. Bí o bá rí ikán, Ọlọ́run ti bù kún un, kò sí oúnjẹ tó ń gbé adìẹ ró bí ikán, àwọn ìyá wa kò mọ orúkọ èròjà kankan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wà tí a kò sè, má fún un, májèlé wà nínú rẹ̀. Píà náà, má jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń pa ẹyẹ. Má sì gbàgbé òkúta wẹ́wẹ́. Ṣebí òun ló ń jẹ ọkà, tó ń mu omi, tó ń gbé òkúta pẹ́pẹ́ mì, tó tún ní òun kò ní eyín? Òkúta yẹn gan-an ni eyín rẹ̀. Inú iwe ló ti ń fi lọ oúnjẹ. Nígbà tó ń fẹsẹ̀ rìn nílẹ̀, ó ń ṣà á fúnra rẹ̀. Ní báyìí tí yóò máa wà nínú páálí, ìwọ lo gbọ́dọ̀ ṣà á fún un.

Omi ni n ó tún ké sí ọ lórí rẹ̀. Mo rí ọ tí o la ẹnu rẹ̀ tí o fẹ́ fi síríǹjì da omi sí i lọ́nà ọ̀fun. Má dán an wò mọ́! Ihò tó fi ń mí wà ní ìdí ahọ́n rẹ̀, gbangba báyìí. Bí omi bá gba ibẹ̀, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Gbé omi síwájú rẹ̀ nínú abọ́ tó wúwo. Bí kò bá mu ún, fi ìka kan omi, fi kan ẹ̀gbẹ́ àgógó rẹ̀, yóò lá a. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, o lè po omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ṣíbí ṣúgà kékeré mẹ́fà àti ìlàjì ṣíbí iyọ̀ sí lítà kan. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn, omi lásán tó mọ́.

Kí o sì máa wo ìgbẹ́ rẹ̀. Má yínmú sí mi. Ìgbẹ́ ni àwọn tó ń sin adìẹ fi ń mọ̀ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Èyí tó dúdú díẹ̀ tí funfun wà lórí, ara ń dá nìyẹn. Èyí tó bá tutù bí ewé, tó ń ṣàn bí omi, bóyá kò jẹun tó, bóyá àrùn mìíràn ti wọlé. Fọwọ́ kan eegun àyà rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá ti ń mú bí abẹ́, ó ń rù. Adìẹ kì í fi àìsàn hàn, torí èyí tó bá fi hàn ni àṣá ń gbé. Ìgbà tí o bá fi máa rí i lójú rẹ̀, ó ti pẹ́ lára.

Ṣé o ti gbọ́ igbe rẹ̀ láti àná? O kò lè gbọ́ ọ. Àkùkọ tí ara ń ro kì í kọ. Ọjọ́ tó bá kọ, wá pè mí. Ànábì wa ní kí a má bú àkùkọ torí ó ń jí wa sí ìrun, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Ní Japan, àwọn onímọ̀ méjì ní Yunifásítì Nagoya, Tsuyoshi Shimmura àti Takashi Yoshimura, ti àkùkọ mọ́ yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í yí padà, wọ́n rí i ní 2013 pé àkùkọ ṣì ń kọ lásìkò tó yẹ. Inú ara rẹ̀ ni aago náà wà, kò dúró de oòrùn. Ní 2015, wọ́n tún rí i pé níbi tí àkùkọ bá ti pọ̀, èyí tó jẹ́ ọ̀gá ló ń kọ́kọ́ kọ, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e bí ipò wọn ṣe rí. Èyí kàn ọ́, Àkànní. Láti ìgbà tí Jagun ti fara pa, àkùkọ funfun ilé kejì ti ń kọ ṣáájú. Mo gbọ́ ọ nígbà tí mo ń bọ̀. Ó ti gba ipò. Bí o bá kàn ju Jagun sáàárín wọn lọ́jọ́ tí o bá tú ẹsẹ̀ rẹ̀, ìjà á bẹ́, ẹsẹ̀ tí kò tíì le á tún kán. Kọ́kọ́ gbé e sínú àgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí wọ́n lè máa ríra wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, kó òun àti àwọn abo díẹ̀ pọ̀. Èyí tí ń jọ̀gá báyìí, òun la ó fi ṣe ìkẹyìn, ní ọjọ́ tí ìwọ fúnra rẹ bá wà nílé láti ṣọ́ wọn.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ ara rẹ. Má sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ tí o bá ti fọwọ́ kàn án, kí o tó mú gaàrí. Àwọn kòkòrò kan wà nínú ìgbẹ́ adìẹ tó ń da inú èèyàn rú. Ìlú yìí náà la wà, níbi tí Yunifásítì Redeemer's wà, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń yẹ àbùdá kòkòrò àrùn wò. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ka àbùdá kòkòrò kòrónà ní Áfíríkà ní 2020. Ọ̀rọ̀ àrùn tó ń ti ara ẹran bọ́ sára èèyàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè fún ará Ẹdẹ. Ní 2006 tí àrùn adìẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu, irú ti H5N1, kọ́kọ́ dé Áfíríkà, Nàìjíríà níbí ni, ní Kàdúná. Bí o bá rí i pé àwọn adìẹ ń kú púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ládùúgbò, má fọwọ́ kàn wọ́n, má jẹ wọ́n, fi tó ìjọba létí.

Dókítà, bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́la, àwa méjèèjì á lọ bá dókítà ẹran. Òṣogbo kò jìnnà, Ìbàdàn sì ní ọsibítù ẹran ti Yunifásítì tí ó bá dé bẹ́ẹ̀. Èmi ni n ó san owó ọkọ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́ rẹ́rìn-ín pé o ń gbé àkùkọ lọ rí dókítà. Ẹran tí a bá sìn, tó gbẹ́kẹ̀ lé wa fún oúnjẹ, tí kò lè sọ ibi tó ń dùn ún, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ohun tó mú mi wá gan-an nìyí, torí ìwọ nìkan kọ́ ni mo fẹ́ bá wí. Ọyẹ́ ń bọ̀. Lùkúlùkú máa ń bá ọyẹ́ rìn. Òun ni àwọn olóyìnbó ń pè ní Newcastle, láti orúkọ ìlú kan ní Ìlú Ọba. Agbègbè Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín ìparí 1952 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1953, kò sì tíì fi wá sílẹ̀ títí dòní. Ó ń gbá gbogbo adìẹ àdúgbò lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò ní oògùn. Bí a bá tọ́jú ẹsẹ̀ Jagun tó san, tí lùkúlùkú wá dé, òfo ni gbogbo làálàá yìí. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, kódà kì í ṣe abẹ́rẹ́, ẹ̀kán omi lójú adìẹ ni, ilé ìwádìí ẹran ìjọba ní Vom, tó ti wà láti 1924, ń ṣe é. Èyí tí wọ́n ń pè ní I-2 tiẹ̀ wà tó ń fara da ooru ju àwọn yòókù lọ, wọ́n sì ń tún un kán lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìgò kan máa ń tó adìẹ púpọ̀, tí wọ́n bá sì ti ṣí i, kò ṣeé tọ́jú di ọjọ́ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní adìẹ márùn-ún kì í fi í rà á, ó ń wò ó pé òfò ni.

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń gbọ́ mi láti ẹ̀yìn fèrèsé, ẹ jáde wá. Ẹ jẹ́ kí a dáwó jọ, kí a mú ọjọ́ kan kí ọyẹ́ tó wọlé, kí olúkúlùkù kó adìẹ rẹ̀ sábẹ́ àgò láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kán bá wa kán an sójú gbogbo wọn pátá, àti ti ẹni tó ní ogún àti ti ẹni tó ní ẹyọ kan. Àkànní, ìwọ lo mọ̀wé, mú bírò, kọ orúkọ ilé kọ̀ọ̀kan àti iye adìẹ tó wà níbẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ilé tó ni àkùkọ funfun yẹn.